Ọjọ́ Méjì ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ni mo kọ ọ́ sí,
pẹ́ńsù Ìbídùn, tó ti fi eyín jẹ nídìí, ni mo fi kọ ọ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà,
ìyókù owó àjọ, lẹ́yìn owó ilé-ìwé,
lẹ́yìn táyà ọ̀kadà tí kò jẹ́ ká gbádùn.
Àwa márùn-ún. Ọjọ́ méjì.
Àdúgbò Arówómọ́lé là ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́,
nínú ilé ayálégbé;
ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa náà ti fi rẹ́rìn-ín tó.

Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ kọ, gàdàgbà, mo tún fàlà sí i nídìí.
Mo dé gáréèjì, mo béèrè iye,
mo padà wálé, mo fi itọ́ àti ìka pa Ìbàdàn rẹ́.
Ìlú náà ò ṣẹ̀ mí.
Apá wa ni ò ká a.
Mo kọ Ọ̀yọ́ sórí àbàwọ́n tó kù.

Ẹgbẹ̀fà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀.
Mo ní Àsàkẹ́ yóò jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.
Awakọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀:
"Ọmọ tó bá ti lè dárúkọ ara rẹ̀, á sanwó."
Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ọmọ
pé bí wọ́n bá bi í, kó dákẹ́, kó máa wojú mi.
Mo dán an wò. "Kí lorúkọ ẹ?"
"Àsàkẹ́ Oyèkúnlé, ọmọ ọdún mẹ́rin,
Màmi ní kí n má sọ ọ́."
Mo kọ ẹgbẹ̀fà mìíràn kún un, lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ibùsùn:
a béèrè iye òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan, a ò tún bi wọ́n mọ́.
Oyèkúnlé ní aya àbúrò bàbá òun wà ní Àpáàrà,
yàrá kan ṣófo níbẹ̀ tòun ti ẹní.
Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá náà:
yóò ro ẹjọ́ òkú tí a ò bá wọn sin títí di ọ̀gànjọ́.
Owó tí a ò san fún bẹ́ẹ̀dì, etí la ó fi san án.
Búrẹ́dì méjì, mílíìkì agolo kan,
àti máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, èyí tí a ò rà,
tí yóò dà bíi pé a náwó.

Mo ní kí kálukú dárúkọ nǹkan kan, ọ̀kan péré.
Ìbídùn fẹ́ rí àwọn tó ń fín igbá,
kó fọwọ́ kan abẹ tí wọ́n fi ń fín in.
Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Mo gbàdúrà fún un.
Ọlánipẹ̀kun fẹ́ áísìkiriìmù,
èyí tó ń lọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ bí ejò.
Bàbá wọn ní oorun,
kí fóònù má pè é pé jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ti kú.
Àsàkẹ́ ní, "Mọ́tò."
Bí a bá wá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?
"Ká tún wọ mọ́tò."
Ìjókòó tí mo fẹ́ fi jìbìtì gbà,
òun gan-an ni ìrìn-àjò tirẹ̀.

Wọ́n ti ń dìde kí Ìbídùn tó yíjú padà:
"Màmi, ẹ̀yin ńkọ́?"
Mo wo ìwé. Mo wo ọwọ́ mi.
Mo ní mo fẹ́ jókòó níbì kan, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá mi,
kí n jẹ ẹ́ tán, kí ẹlòmíràn kó abọ́.
Wọn ò rẹ́rìn-ín.
Oyèkúnlé gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi,
ó pa sálúbàtà tí òun ì bá rà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ rẹ́,
ó kọ "oúnjẹ Màmá Ìbídùn" sí ojú rẹ̀.

A ro ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹgbẹ̀fà ló ṣẹ́ kù:
ìjókòó ẹnì kan, àlọ tàbí àbọ̀.
Bí epo bá tún gbówó lórí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé…
a ò sọ ìyẹn.
Mo ká kàlẹ́ńdà náà sábẹ́ ìrọ̀rí.
Nígbà tí mo lọ pa iná yàrá àwọn ọmọ,
Àsàkẹ́ ti sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀,
ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú ṣinṣin
bí ẹni tó ti rí ìjókòó,
tó ń retí kí awakọ̀ ṣáná.